Àpò Ìtọ̀ Ìyá Eléèédú: Jíjóná Ni, Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ilé ìfọṣọ kan wà nígbà kan, lẹ́yìn òpópó tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gbà. Bí ènìyàn bá ti ń bọ̀ lókèèrè ni òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ gbígbóná á ti pàdé rẹ̀ lọ́nà, kó tó rí géètì rárá. Wọ́n ní wọ́n ti wó o báyìí, pé fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibẹ̀ rí kò lè gbàgbé ooru yàrá ìlọṣọ, kò sì lè gbàgbé obìnrin tó máa ń dúró nídìí tábìlì tó sún mọ́ fèrèsé.

Ìyá Eléèédú ni wọ́n ń pè é. Irin eléèédú ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọge. Nígbà tí wọ́n wá ra irin oníná fún un, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń fẹ́ ẹ lẹ́nu fúú kó tó fi kan aṣọ, bí ẹni pé èédú ṣì wà nínú rẹ̀. Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò sí àwàdà níbẹ̀. Ìlà tí obìnrin yìí bá fi sára ṣòkòtò, eṣinṣin ò gbọdọ̀ bà lé e, kí ìlà má baà gé e lẹ́sẹ̀.

Nǹkan kan ló wá dé bá a. Fún bí ọdún kan, kò lè lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tẹ̀léra kó má jáde. Á gbé irin dúró, á fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ ikùn mú, á máa sáré bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń sáré. Tó bá wá débi tó ń lọ, ìtọ̀ ọ̀hún ò ju kó kán tó-tó-tó, bí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ tí omi ò wá. Ìrora tó bá a wá ni kò kéré. Ó ń ta á, ó ń jó o, bí ẹni pé wọ́n gún ata sínú àpò ìtọ̀ fún un. Tó bá tọ̀ tán, ara á tù ú díẹ̀. Kó tó padà dé ìdí irin, ìtọ̀ tún ti ń gbọ̀n ọ́n.

Ilé ìtọ̀ wà ní kọ̀rọ̀ ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, abẹ́ àṣẹ Sájẹ́ǹtì ló sì wà. Sájẹ́ǹtì ò jagun rí láyé rẹ̀. Fìlà ológun kan tí kọ́sítọ́mà gbé wá tí kò padà wá mú ló sọ ọ́ di Sájẹ́ǹtì. Ọlọ́dẹ géètì ni. Ọlọ́dẹ jẹ́ẹ́jẹ́ ló sì jẹ́ tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí olè kan gba fèrèsé ilé ìtọ̀ wọlé, tó gbé aṣọ ìbùsùn méjì. Sájẹ́ǹtì mú olè náà. Wọ́n yìn ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyìn yẹn ló bà á jẹ́.

Olè lọ, kò padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ara Sájẹ́ǹtì ò balẹ̀ mọ́. Ó na ẹni tó wá ka mítà iná. Ó fọn fèrè lé ẹni tó ń pín lẹ́tà títí ó fi ju lẹ́tà sílẹ̀. Ó tú abọ́ oúnjẹ Màdáàmù tó ni ilé ìfọṣọ fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹran. Níkẹyìn, ó ti ilé ìtọ̀ pa, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́rùn, ó sì ra ìwé ńlá kan tó fa ìlà sí: orúkọ, aago tí o wọlé, aago tí o jáde, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ, ìdí tí o fi wá.

"Ìdí tí mo fi wá?" Ìyá Eléèédú ń jó lórí ẹsẹ̀ kan. "Sájẹ́ǹtì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ṣílẹ̀kùn. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà!"

Sájẹ́ǹtì ti fa kóńdó yọ. "Ta ló dé ẹnu ọ̀nà?"

"Ìtọ̀ ni, ìwọ ọkùnrin yìí!"

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ìgbà kẹfà nìyí láàárọ̀ yìí o, Ìyá. Aago mẹ́wàá ò tíì lù."

"Ṣé inú kànga bàbá ẹ ni mo ti ń pọn ọ́n ni? Mú bírò wá!"

Ẹni tó ń fọ aṣọ níbẹ̀, Fikún-un ni wọ́n ń pe òun. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló ní láyé: bí ìdọ̀tí ò bá lọ, fi ọṣẹ kún un, bí kò bá tún lọ, fi bílíìsì tó ń mú aṣọ funfun kún un. Aṣọ tó ti fi ọgbọ́n yìí sọ di àwọ̀n ìpẹja kò níye.

"Kòkòrò ni, Ìyá," Fikún-un sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Kòkòrò ló wọ àpò ìtọ̀ yín. Ó ṣe ìyàwó mi náà lọ́dún tó kọjá. Ẹ wò ó, ìyókù kápúsù ẹ̀ rèé." Ó ti ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. "Ó bá ṣòkòtò mi wọ omi lẹ́ẹ̀kan o, ṣùgbọ́n ó mọ́ nísinsìnyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ìyá Eléèédú gbé e mì. Aláwọ̀ pupa àti dúdú ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó bọ́ sí aláwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí funfun kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, ìrora á dẹwọ́ fún ọjọ́ méjì, Fikún-un á sì máa rìn bíi dókítà àgbà. Lọ́jọ́ kẹta, ìrora á tún gbérí.

"Ẹ fi kún un," ni Fikún-un á wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin náà gbé ìtọ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní àwọn ò rí kòkòrò kankan.

"Ó ti sá pamọ́ ni," Fikún-un ní. "Ẹ fi kún un."

Ìyá Eléèédú náà wá dá ọgbọ́n tirẹ̀ kún ọgbọ́n. Kò mu omi mọ́. Ó ní kí lòun fẹ́ máa da omi sínú agbè tó ń jò fún? Kọfí dúdú nìkan ló ń mu, ife mẹ́ta lójúmọ́, kí oorun má baà gbé e lulẹ̀ nídìí irin, nítorí ìtọ̀ kì í jẹ́ kó sùn nílé.

Ìdí irin ló wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni, ọkọ rẹ̀ sì mú un lọ sí ìlú kan tó jìnnà, ìrìn wákàtí méje nínú bọ́ọ̀sì.

"Màámi, mo ti bí o! Obìnrin ni. Ó jọ yín bí ìgbà tí wọ́n fi yín tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó tiẹ̀ ń fẹ́ ẹnu fúú!"

Ìyá Eléèédú bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, irin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni.

"Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Ẹ̀rín dá dúró. "Iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀, ọmọ mi. Mò ń bọ̀. Màá dé kó tó hu eyín."

Oṣù kan kọjá. Ó tún ní iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́. Ó ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ń ṣírò bọ́tìnnì. Wákàtí méje. Òun ń tọ̀ ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá nìyẹn. Ìdúró méjì péré ni bọ́ọ̀sì ń ṣe lójú ọ̀nà. Ó tiẹ̀ lọ dán ara rẹ̀ wò lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó wọ bọ́ọ̀sì inú ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ́ sílẹ̀ lọ́nà. Nígbà kẹta, dẹ́rẹ́bà yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ń bá wa lọ ni, àbí ẹ ń sìn wá sọ́nà?"

Ọmọ rẹ̀ pè é ní Ọjọ́ Àìkú. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Màámi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Obìnrin náà fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ó ní, "Màá pè ẹ́ padà," ó sì gé fóònù mọ́ ọmọ rẹ̀ létí. Inú ilé ìtọ̀ ló ti wá sunkún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Sájẹ́ǹtì kó ìwé rẹ̀ sábẹ́ apá, ó wọ yàrá ìlọṣọ, ó dúró níwájú Màdáàmù, ó kan ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ gbàmù.

"Màdáàmù, mo ti rí olè."

"Òmíràn?"

"Inú ilé ló wà. Ìyá Eléèédú ni."

Gbogbo irin dúró lójú kan.

"Ẹ gbọ́ o," Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé. "Ọjọ́ Ajé, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún. Màdáàmù, ẹṣin kì í tọ̀ tó yẹn. Aṣọ ló ń jù kọjá ògiri."

"Èmi, olè?" Ìyá Eléèédú na ìka sí i. "Ìwọ Sájẹ́ǹtì yìí, aṣọ ta ló sọnù?"

"Kò tíì sí èyí tó sọnù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀gá olè lẹ jẹ́."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé tí dókítà kan fi wọlé. Obìnrin ni, ìtọ́jú àpò ìtọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí kò jìnnà síbẹ̀, kọ́sítọ́mà wọn sì ni. Ó gbé kóòtù funfun rẹ̀ lé orí tábìlì. Àmì kan wà lẹ́bàá àpò rẹ̀, ó pọ́n bí omi tíì.

"Ẹ bá mi wo ìdọ̀tí yìí o. Èmi ni mo lọ̀ ọ́ nílé. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ."

Fikún-un ti na ọwọ́. "Bílíìsì. Ẹ jẹ́ kó sùn sínú bílíìsì. Bí kò bá lọ, a ó fi kún..."

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lára aṣọ yẹn!"

Ìyá Eléèédú ti gbàgbé ẹjọ́ olè. Ó já kóòtù gbà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀.

"Jíjóná ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìdọ̀tí, orí òwú ló ń jókòó sí. Èyí tó bá jóná, òwú gan-an ló ń jẹ̀rora. Kí lẹ fẹ́ fi bílíìsì fọ̀ níbẹ̀? Ẹ ó kàn tún jó ohun tó ti jóná ni, á sì ya. Omi tútù ni kẹ́ ẹ fi tù ú. Kẹ́ ẹ mú un jẹ́ẹ́jẹ́. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ohun gbígbóná débẹ̀ fúngbà díẹ̀."

Dókítà fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú Ìyá Eléèédú yí padà. Ó ju kóòtù sílẹ̀, ó di ikùn mú.

"Sájẹ́ǹtì, kọ́kọ́rọ́!"

"Ìdí tí ẹ fi..."

"Ṣí i fún un!" Màdáàmù jágbe.

Nígbà tó padà dé, ó bá dókítà tó jókòó sórí àga rẹ̀, tó ń dúró dè é.

"Ìyá, ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ń ṣe yín báyìí?"

"Ọjọ́ kọ́, ọmọ mi. Ọdún kan."

"Ṣé wọ́n ti yẹ ìtọ̀ yín wò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọn ò rí kòkòrò. Fikún-un ní ó sá pamọ́."

Dókítà wo Fikún-un. Fikún-un wo òrùlé.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń tọ̀ lójúmọ́?"

"Áà, ta ló ń kà á?"

Sájẹ́ǹtì wúkọ́. Ó tọ́ fìlà rẹ̀ ṣe. "Èmi ni. Láti oṣù mẹ́rin."

Dókítà gba ìwé náà. Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn, ẹ̀rín sì ń gùn ún. Ó ń ka abẹ́ ibi tí wọ́n kọ "ìdí tí o fi wá" sí: "Ìtọ̀. Ìtọ̀. Ìtọ̀ náà ni. Kí lo rò? Mo wá kí ilé ìtọ̀ ni. Ó tún ti dé. Bi ìyá ẹ léèrè." Ó nu ojú. "Ẹ̀yin ènìyàn, ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ àwọn aláìsàn mi kí wọ́n máa kọ irú èyí wá fún mi. Wọn kì í kọ. Ẹ wá wò ó! Ó kọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn pàápàá. Ife kọfí ní aago mẹ́wàá; ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá. Ife kọfí ní aago méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó di mẹ́ta ààbọ̀. Sájẹ́ǹtì, ọlọ́gbọ́n lẹ jẹ́."

Sájẹ́ǹtì tí ó wá mú olè kò mọ ìgbà tó kí dókítà ní kíkí ológun.

"Ìyá," dókítà dìde, "ohun tí ẹ sọ nípa kóòtù mi yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló wà nínú yín. Ṣùgbọ́n a kì í wò ó lójú lásán kí á sọ pé òun ni. Nǹkan mìíràn lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá sí ọ́fíìsì mi lọ́la. Kí ẹ sì mú ìwé yìí dání."

"Ìwé yìí kì í jáde láìsí èmi," Sájẹ́ǹtì wí.

Bí ọlọ́dẹ ṣe bá wọn dé ilé ìwòsàn nìyẹn. Ìwé wà lábẹ́ apá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn tó kù níbi iṣẹ́ sì ń bá ìtọ̀ wọn fà á.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n tún un yẹ̀ wò. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ikùn bóyá òkúta wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníná yẹ inú àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀ wò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, dókítà pe Ìyá Eléèédú jókòó. Sájẹ́ǹtì jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ti ní kó dúró síta. Ó ní òun ń ṣọ́ ìwé.

"Kò sí kòkòrò, Ìyá. Kò sí òkúta, a ò sì rí kókó burúkú kankan. Ṣùgbọ́n awọ inú àpò ìtọ̀ yín ti pọ́n, ó wú, ó sì ní ojú egbò wẹ́wẹ́. Jíjóná ni, kì í ṣe ìdọ̀tí."

"Ta ló wá jó o? Èmi ò fi irin síbẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọlọ́dẹ ara yín ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa àti nínú ẹran ara wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ tiwọn ni láti máa ṣọ́ ilé. Bí kòkòrò bá wọlé, àwọn ni wọ́n ń bá a jà. Láìsí wọn, ọ̀fìnkìn lásán á pa wá. Irú kan wà nínú wọn tó máa ń gbé àpò kẹ́míkà kéékèèké kiri, bí ọlọ́dẹ ṣe ń gbé fèrè àti kóńdó. Bó bá fura sí nǹkan, á tú àpò náà dà sílẹ̀. Ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á sì máa dun ènìyàn. Ìyẹn dára nígbà tí olè bá wà nílé."

"Tí kò bá sí ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ rèé o. Ó lè jẹ́ pé olè kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó sì ti lọ tipẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí olè kankan rí. Kì í ṣe ara gbogbo ènìyàn la ti mọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ọlọ́dẹ ò balẹ̀ mọ́. Ó ń fura sí gbogbo ohun tó bá kọjá. Ìtọ̀ lásán tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀, á fọn fèrè lé e. Ó ń na onílé, ó ń na àlejò..."

Sájẹ́ǹtì ń mi orí lẹ́yìn. "Ọlọ́dẹ gidi nìyẹn."

"...àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sọ́pọlọ á jí, wọ́n á ní, 'Wàhálà wà níbí o!' Bí ọlọ́dẹ bá ti gbọ́ igbe iṣan, á ní, 'Ṣé ẹ rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀!' Á tún tú àpò kẹ́míkà mìíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kó ara wọn láyà sókè, lọ́sàn-án lóru, nílé tí kò sí olè. Àwọn tí wọ́n sì gbà á síṣẹ́ pé kó máa ṣọ́, àwọn gan-an ni kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Orí Sájẹ́ǹtì ti dúró. Ó gbé fìlà kúrò.

"Dókítà, ẹ dákun. Ta lẹ ń sọ?"

Ìyá Eléèédú gbé ìṣẹ́po aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

"Kápúsù tí mò ń lò wá ńkọ́?" ó béèrè nígbà tó lè sọ̀rọ̀.

"Kápúsù ń pa kòkòrò. Ẹ ti ń fi í lé olè tí kò sí nílé. Àwọn kòkòrò rere tí ara ń lò lẹ ń pa. Èyí tó bá sì ṣẹ́kù nínú kòkòrò burúkú, ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún oògùn náà. Lọ́jọ́ tí olè gidi bá dé, ẹ lè pe oògùn náà kó má jẹ́. Omi tí ẹ pa tì ńkọ́? Ìtọ̀ yín ti ki, ó ń ta ojú egbò. Kọfí sì ń fi irin gbígbóná kún un."

"Fikún-un," Ìyá Eléèédú wí lábẹ́ ẹnu.

"A lè wò ó, Ìyá. Mi ò ní purọ́ pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Ó lè lọ, kó tún yọjú. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ tó ń bínú, ṣe la máa ń pẹ̀tù sí i nínú. Wọn kì í nà án."

Ó kọ oògùn tó ń mú ara ọlọ́dẹ inú rọlẹ̀ fún un, ó ní kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó ní kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́, kó jáwọ́ nínú kọfí àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó máa fi ìgò omi lílọ́wọ́ọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn bí ó bá ń dùn ún. "Lílọ́wọ́ọ́ ni mo wí o, Ìyá. Kì í ṣe irin." Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń dẹ iṣan ìdí, tó ti le gbagidi nítorí ìrora. Ó ní bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n tí ìrora ò pọ̀ jù, kó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó lọ. Bí èyí bá mọ́ ọn lára, kó fi márùn-ún mìíràn lé e, kí àpò ìtọ̀ lè tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, obìnrin náà pe ọmọ rẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún un. Kò rọrùn fún ìyá láti sọ fún ọmọ pé ìtọ̀ ni kò jẹ́ kí òun wá.

"Ọdún kan, Màámi? Ẹ ń bá a yí fún ọdún kan, ẹ ò sì sọ fún mi? Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn ọmọ mi ni."

"Tètè kó ọ̀rọ̀ yẹn mì. Eyín ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò tíì hù."

"Sọ fún un kó má kánjú."

Nígbà tí Ìyá Eléèédú dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lọ́rùn Sájẹ́ǹtì. Ìṣó ló fi kọ́ ọ sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀, níbi tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn lè tó. Ṣùgbọ́n kò ju ìwé nù. Ó fa ìlà tuntun sí i fún Ìyá Eléèédú nìkan, ó sì sọ ara rẹ̀ di olùṣọ́ aago. Ẹ̀rù ń ba àwọn kọ́sítọ́mà tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ohùn ńlá láti ìdí géètì:

"Ìṣẹ́jú méjì ló kù, Ìyá! Ẹ má jọ̀wọ́ ẹ̀ o! Ẹ dẹ ara, ẹ mí kanlẹ̀!"

"Sájẹ́ǹtì, gbogbo àdúgbò ń gbọ́!"

"Kí wọ́n gbọ́! Ìṣẹ́jú kan!"

Fikún-un náà yí padà, dé ìwọ̀n tí irú rẹ̀ lè yí padà dé. Ó kó gbogbo kápúsù tó wà nínú àpò rẹ̀ lọ fún oníkẹ́mísì pé kó bá òun dà á nù. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé kí Ìyá máa mu omi, ó gbé ìgò ńlá kan wá fún un. "Ẹ mu díẹ̀," ó wí. Ẹnu rẹ̀ ń yún un. Ó fara dà á, fara dà á, kó tó bú jáde pé, "Ṣé kí n fi kún un?"

Àwọn ọ̀sẹ̀ kan dára, àwọn mìíràn ò dára. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìrora tún gbérí fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun ò ṣe mọ́. Dókítà ní kó mú ìwé wá. Ìwé sọ pé kọfí kan ti yọ́ wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ti di mẹ́wàá. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó di mẹ́jọ. Sájẹ́ǹtì fi bírò pupa yí mẹ́jọ náà ká, ó sì kí i ní kíkí ológun.

Ìyá Eléèédú wọ bọ́ọ̀sì, ó kọrí sí ìlú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló jókòó sí, ó sì ti bẹ dẹ́rẹ́bà kí wọ́n tó gbéra pé òun á ní kó dúró lẹ́ẹ̀kan sí i yàtọ̀ sí ìdúró méjì tó ń ṣe. Ó ń mu nínú ìgò omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dẹ ara, ó mí kanlẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ìtọ̀ bá fẹ́ fọn fèrè, ohùn Sájẹ́ǹtì ló ń gbọ́ létí. Wákàtí méje, ìdúró mẹ́ta péré.

Ó fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ sì gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Kí ó tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó ti fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀ wò láti apá kan dé apá kejì.

"Kò tíì hù," ó wí, omi sì dà lójú rẹ̀. "Mo bá a."

Ìgbà yẹn ni ohun kan tó lọ́wọ́ọ́ ṣàn gba orí ìró rẹ̀, ìró tó fi wákàtí kan lọ̀, tó gba bọ́ọ̀sì já láìní ìhunjọ kan. Ọmọ rẹ̀ sáré wá aṣọ. Ìyá Eléèédú di ọmọ ọmọ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e.

"Tọ̀ ọ́, ìyá mi," ó wí. "Tọ̀ ọ́ tán. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ ní ìdí tí o fi wá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín lemọ́lemọ́, tí ìsàlẹ̀ ikùn sì ń dùn yín, ọkùnrin o, obìnrin o, ẹ má tijú, ẹ má sì dúró di ọdún kan. Ẹ lọ yẹ ìtọ̀ wò kí ẹ tó gbé oògùn kankan mì. Bí wọ́n bá rí kòkòrò, ẹ lo oògùn tí wọ́n bá kọ fún yín, kí ẹ lò ó bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó. Bí wọn ò bá rí i, tí ìrora ò sì lọ, ẹ má pàrọ̀ kápúsù. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí dókítà tó ń tọ́jú àpò ìtọ̀, nítorí ó lè jẹ́ àwọn ọlọ́dẹ ara yín ni ara wọn ò balẹ̀, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn tó yẹ kí wọ́n tètè rí. Ẹ má torí àtitọ̀ sá fún omi. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ mu àti ìgbà tí ẹ tọ̀ sílẹ̀. Ìwé kékeré lásán tó. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, bí ibà bá mú yín, bí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn yín gan-an, tàbí bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde rárá, ẹ má sun ọjọ́ náà nílé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí.

Ìyókù oògùn ẹlòmíràn kì í ṣe oògùn yín, bó tilẹ̀ wù kó mọ́ tó. Kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n: ìdọ̀tí ni, àbí jíjóná?